Mo fi bílíìṣì ba àdìrẹ ìyá àgbà jẹ́: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò aró gan-an?

Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá.

Ìyá tó bí màmá mi fi ìró kan sílẹ̀ fún mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, ẹyẹ àti ewé ló wà lára rẹ̀, aró rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá rí i lálẹ́, ẹ ó ní dúdú ni. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọjáde kan, ọbẹ̀ ta sí i. Nígbà tí mo délé, dípò kí n fi ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́, mo da bílíìṣì díẹ̀ síbi tí ọbẹ̀ wà. Mo ní díẹ̀ ni. Kí n tó yíjú padà, ojú ibẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, nígbà tí mo sì fi omi ṣàn án, ó di funfun kòríkòrí, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Màmá mi ò tíì mọ̀. Mà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gbọ́ ètò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀.

Mo gbé aṣọ náà lọ bá ìyá aláró kan tí ilé wọn ò jìnnà sí Ìtòkú. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí aláró: “Àrẹdú o, mà.” Wọ́n dáhùn, wọ́n gba aṣọ, wọ́n nà án síwájú oòrùn, wọ́n wò ó títí.

“Ta ló ṣe é báyìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Mo rò pé wàá ní ọmọ-ọ̀dọ̀ ni.”

Mo bi wọ́n bóyá aró ibẹ̀ ló ṣí, bóyá wọ́n lè bá mi mú un padà. Wọ́n ní: “Aró ò ṣí níbẹ̀, ọmọ mi. Aró kú níbẹ̀. Ṣíṣí lọ́tọ̀, kíkú lọ́tọ̀.”

Èmi tí mo ṣe kẹ́místrì ní ọdún kìíní ní yunifásítì, tí mo há “like dissolves like” sórí bí ẹsẹ Bíbélì, mi ò mọ ìyàtọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a kiri. Ohun tí mo rí nìyí, ó sì jọ mí lójú débi pé mo ní ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, torí omi ni gbogbo wàhálà aláró. Gáàsì kan wà tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, hydrogen sulphide lorúkọ rẹ̀. Mólíkù rẹ̀ kan wúwo tó 34 lórí òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ kẹ́místrì. Mólíkù omi kan ò ju 18 lọ. Èèyàn á rò pé èyí tó fúyẹ́ ló yẹ kó tètè di gáàsì. Rárá o. Gáàsì onírùn yẹn ti hó tán nígbà tí nǹkan ṣì tutù ju yìnyín lọ, ní nǹkan bíi 60°C nísàlẹ̀ òdo, àmọ́ omi ò ní hó àfi tẹ́ ẹ bá gbé e dé 100°C. Ìdí ni pé mólíkù omi máa ń di ara wọn mú. Mólíkù omi kọ̀ọ̀kan dà bí bátìrì kékeré: ìhà ibi tí ọ́síjìn wà jẹ́ negative díẹ̀, ìhà méjèèjì tí háídrójìn wà jẹ́ positive díẹ̀. Positive ti ọ̀kan á fà mọ́ negative ti èkejì. Ìdè háídrójìn ni wọ́n ń pè é. Ìdè kan ṣoṣo kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó ń já, ó tún ń so, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ lọ bí eṣú.

Ẹ ronú òde àríyá. Omi ni àwọn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà, gbogbo wọn di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń jó. Iyọ̀ dé. Iyọ̀ ní positive àti negative tó le gidi, nítorí náà aláṣọ ẹbí máa ń tú ọwọ́ wọn sílẹ̀ láti dì mọ́ ọn, wọ́n á yí i ká, iyọ̀ á sì pòórá sáàárín wọn. Ohun tá à ń pè ní yíyòrò nìyẹn. Epo pupa náà dé. Kò sí ẹni tó kórìíra epo o, àmọ́ epo ò ní ibi tí wọ́n lè dì mú, ta ló fẹ́ jáwọ́ lára ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ẹni tí kò ní ọwọ́? Wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí tí epo fi ń léfòó lórí omi ẹ̀fọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kọ́ mi báyìí nígbà náà, mi ò bá má há nǹkan kan sórí.

Aró ńkọ́? Mólíkù tó ń jẹ́ kí aró jẹ́ aró ni wọ́n ń pè ní indigo. Ewé èlú làwọn ìyá wa ti ń mú un jáde: wọ́n á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Indigo ní ọwọ́ tí omi lè dì mú, ó ní ọ́síjìn méjì, ó ní náítírójìn méjì tí háídrójìn wà lára wọn. Ó yẹ kó yòrò, àbí? Kò ní yòrò. Ó ti fi ọwọ́ yẹn di ara rẹ̀ mú. Nínú èérún indigo, mólíkù kọ̀ọ̀kan so mọ́ mẹ́rin mìíràn tó wà láyìíká rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹlẹbẹ ni mólíkù yìí, bí àwo pẹlẹbẹ, wọ́n ń tò léra wọn, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi iná tú wọn ká, ẹ ó gbé e ga tó nǹkan bíi 390°C, epo tẹ́ ẹ fi ń dín dòdò ò dé ìdajì ibẹ̀. Omi tí kò ju omi lọ kò lè rí wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ wá rí ìṣòro aláró báyìí. Ohun tí kò yòrò ò lè wọ inú òwú. Tẹ́ ẹ bá po lúlúù indigo mọ́ omi, tẹ́ ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ̀gbin lásán ló máa wà lójú aṣọ, ẹ gbọn ọ́n, ó bọ́. Àmọ́ ohun tó bá yòrò dáadáa, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ aṣọ ló máa bá omi ọṣẹ lọ. Ohun tí aláró nílò ni nǹkan tí yóò yòrò ní òwúrọ̀, tí kò ní yòrò mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró lórí gbólóhùn yìí díẹ̀. Àwọn obìnrin tí kò rí ògiri yàrá ìwádìí kankan rí ti yanjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé mólíkù wà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n á to ìkòkò méjì léra, ti òkè ní ihò nídìí. Eérú ló máa wà nínú ti òkè, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á máa kán sí ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa kó èlú tí wọ́n ti ṣù sí, wọ́n á bò ó, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò rí, irú àwọn tó ń jẹ́ kí ògì kan, máa ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò, wọ́n ń lo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, wọ́n sì ń ti elekitírọ́ọ̀nù sára indigo. Mólíkù tó gba elekitírọ́ọ̀nù yìí á jáwọ́ lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi eérú á gba háídrójìn lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́síjìn méjèèjì tó wà lára rẹ̀ lè di negative tó le bí ti iyọ̀. Omi rí ibi dì mú nìyẹn. Ó yòrò.

Tẹ́ ẹ bá yọjú sínú ìkòkò nígbà yẹn, kò búlúù. Ìyeyè tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé ni, fóòmù búlúù ló kàn wà lójú rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn án. Aṣọ wọlé, ó mu omi yó, mólíkù aró wọ àárín okùn òwú. Wọ́n fà á jáde, àwọ̀ ewé ló jáde wá. Ẹ má tíì bú aláró. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba elekitírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn padà, indigo á di indigo, á tún di ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n inú òwú ni gbogbo wọn wà báyìí. Bí ẹni tó fi káàdì ìpè ẹlòmíì wọ gbọ̀ngàn, tí wọ́n wá gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, tí ilẹ̀kùn sì ní tẹni bá fẹ́ jáde, kó fi káàdì hàn. Mo wò ó lójú ara mi nílé ìyá yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ewé di búlúù, ó ń ti etí aṣọ wọ àárín. Mo ya fídíò rẹ̀, ẹ lọ wò ó lójú ìwé wa. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fẹ́ ẹ, títí tó fi máa dúdú. Rírẹ yẹn ló wà nídìí orúkọ àdìrẹ: ẹ dì í, ẹ rẹ ẹ́. Ti ẹlẹ́kọ ò ní dídì nínú, láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún. Níbi tí láfún bá gbẹ sí, omi aró ò ráyè wọlé.

Òyìnbó náà fẹ́ràn indigo, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ dúró de ewé. Adolf von Baeyer, ará Jámánì, rọ ọ́ nínú yàrá ìwádìí ní 1880, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́jà ní 1897. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó dé Abẹ́òkúta, òun àti kọ́sítìkì sódà tó rọ́pò eérú. Lóde òní, haidirosọ́fáìtì, tí àwọn aláró ń pè ní “haidiró”, ló ń ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà, ìjà náà sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Judith Byfield kọ odindi ìwé kan nípa àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta, The Bluest Hands lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 2002. Láàárín ọdún 1930 sókè, tí owó ò sí nílẹ̀ káàkiri ayé, àwọn aláró gbá sódà àti aró òyìnbó mú torí pé ó ń yá, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Àwọn tó ń ra àdìrẹ kó lọ sí òkèèrè, títí dé Senegal, bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọjà ò dáa bí ti tẹ́lẹ̀. Aláké Ladapo Ademola Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin ò gbà. Oúnjẹ ọmọ wọn ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1936, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ta ló jàre? Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́místrì lè jẹ́rìí díẹ̀. Lórí aró òyìnbó, mo rò pé ìjọba ṣì í. Indigo tó jáde láti Jámánì àti èyí tó jáde láti ara èlú, mólíkù kan náà ni, kò sí bí òwú ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí èlú ní lé ni àwọn mólíkù mìíràn tó bá a rìn, irú bí indirubin tó pupa díẹ̀.

Sódà ni ọ̀rọ̀ wà. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní pH, láti 0 dé 14 ni wọ́n sábà máa ń kà á. Omi lásán wà ní 7. Omi eérú tó dáa wà láyìíká 11. Sódà lè gbé ìkòkò dé 13 láìpẹ́. Láti 11 sí 13 dà bí ìgbésẹ̀ méjì péré, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po 100 lápapọ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń rẹ aṣọ jíńsì ti wọn èyí dáadáa: láyìíká pH 11, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ́síjìn méjì yẹn ló máa ń di negative lára ọ̀pọ̀ mólíkù aró. Ó tó fún un láti yòrò, síbẹ̀ ó ṣì lè fẹ́ òwú. Tí sódà bá pọ̀ jù, méjèèjì di negative. Omi á dì í mú le, kò ní fẹ́ fi í sílẹ̀ fún aṣọ. Òwú gan-an á máa di negative, negative àti negative ò sì gbọdọ̀ ríra. Ẹ ó rí aró tó pọ̀ nínú ìkòkò, tó mọ́ rekete, aṣọ á sì jáde ní funfun-búlúù. Aró fẹ́ràn omi ju aṣọ lọ.

Fún ẹlẹ́kọ, ó tún burú sí i. Sódà tó le máa ń rọ láfún, á wú, á di jẹ̀lí láìsí iná, kò sì ní lè dáàbò bo ibi tí wọ́n fi kùn mọ́. Ká má sọ ti ọwọ́ aláró, sódà máa ń jẹ ẹran ara. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní kí n dájọ́: sódà kọ́ ló burú, ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹni tó mọ ìwọ̀n á fi sódà rẹ aṣọ tí kò ní ìtìjú kankan. Òfin tó de sódà pátápátá dà bí ẹni tó ju iyọ̀ nù torí ìyàwó ilé kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń wúwo jù. Ìyá aláró ní ahọ́n ni ìyá tiwọn fi ń mọ ìgbà tó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sórí àbàwọ́n mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé aró ibẹ̀ kú, tàbí ó ṣì wà níbẹ̀ ní ìrísí mìíràn, bó ṣe máa ń farapamọ́ nínú ìkòkò. Fóònù mi ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin náà lè ṣe é lálẹ́ òní.

Ìmọ́lẹ̀ funfun kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àpòpọ̀ gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ni, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn ìgbì tirẹ̀, tí wọ́n ń fi nánómítà wọ̀n. Búlúù wà láyìíká 450, àwọ̀ ọsàn láyìíká 600, pupa lókè ìyẹn. Elekitírọ́ọ̀nù inú mólíkù kọ̀ọ̀kan máa ń yan irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé mì. Ti indigo, àwọ̀ ọsàn àti pupa ni wọ́n ń gbé mì. Èyí tí wọn ò jẹ, búlúù, ló ń ta padà sí ojú wa. Ti aró inú ìkòkò, èyí tó ti gba elekitírọ́ọ̀nù kún tirẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ti yí padà sí apá àwọ̀ àlùkò àti búlúù, ohun tí ojú ń rí á sì di ìyeyè. Ẹ̀rọ spectrophotometer tó wà ní yàrá ìwádìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nǹkan kọjá, kó sì kà èyí tó kù lọ. Tí aró bá di ìlọ́po méjì nínú omi kan náà, iye tí ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀ fún ohun tí aró gbé mì náà á di ìlọ́po méjì. Gbogbo spectroscopy ọdún kìíní tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn: kí ló wọlé, kí ló jáde, kí ló sọnù láàárín.

Ojú fóònù yín, iná pupa, iná ewé àti iná búlúù tín-tìn-tín ló kún ibẹ̀. Ẹ wá àwòrán pupa kan tó kún ojú fóònù, pupa fòò, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ fóònù ga dé òkè, ẹ tan án sí àdìrẹ aláró. Ibi funfun á pupa, ibi aró á dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, torí aró ti gbé pupa mì. Ẹ wá yí i sí àwòrán búlúù. Tí aró aṣọ yín ò bá dúdú jù, ẹ ó rí i pé àwòrán ara rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pòórá, funfun àti aró jọ ń dá búlúù padà. Mo ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àjẹ́ ni mí.

Mo tan pupa sí àbàwọ́n mi. Ó mọ́lẹ̀ kedere bíi funfun ara ẹyẹ, láìsí òjìji kankan. Mo tan búlúù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí aró ìkòkò, èyí tó jẹ́ ìyeyè, bá ṣì wà níbẹ̀, ó yẹ kó gbé díẹ̀ mì nínú búlúù yẹn, afẹ́fẹ́ ìbá sì ti sọ ọ́ di aró padà tipẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá aláró ò nílò fóònù láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí bílíìṣì ṣe ni pé ó gé indigo sí méjì ní àárín gbùngbùn, níbi afárá tí elekitírọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Ohun tó kù ni wọ́n ń pè ní isatin, àwọ̀ ìyeyè tí mo rí nìyẹn, òun sì rọrùn fún omi láti gbé lọ ju indigo lọ. Ṣíṣí ni kí aró bọ́ lára òwú díẹ̀díẹ̀, bí àwọn èérún tó wà lójú aṣọ ṣe ń bọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Kíkú ni kí mólíkù gan-an fọ́. Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè jí i.

Ẹ jẹ́ n tètè fọwọ́ kan iyọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé ká rẹ àdìrẹ tuntun sínú omi oníyọ̀ kí aró lè “gbá a mú”. Fún aró gidi, iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Indigo ò yòrò tẹ́lẹ̀, kí ni iyọ̀ fẹ́ dá dúró? Búlúù tó ń jáde nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ jẹ́ èérún tí kò rí inú òwú wọ̀. Ẹ fi omi tútù ṣàn án títí, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sá a síbòòji. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ ní òkèèrè tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà, àwọ̀ mìíràn ni wọ́n máa ń lò fún un, èmi ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn o.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ kí n tó gbàgbé, torí òun ló mú mi sùn pẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi iná sọ indigo di gáàsì, tí mólíkù kọ̀ọ̀kan dá wà láìní ẹgbẹ́, kì í ṣe búlúù mọ́. Ó pupa, bíi wáìnì! Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì wà ní nǹkan bíi 540 nánómítà. Ẹ fi í sínú kẹ́míkà tí kò ní positive tàbí negative tó fara hàn, ó di nǹkan bíi 588. Nínú ọtí ethanol, nǹkan bíi 606. Nínú èérún, tí wọ́n di ara wọn mú gírígírí, ó tún lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó yí i ká ló ń ti àwọ̀ rẹ̀ síwájú. Dúdú tó wà lára ìró ìyá àgbà mi, kì í ṣe mólíkù kan ló ni ín, ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú ló ni ín.

Mo tún padà lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí wọ́n ki gbogbo aṣọ bọ aró, àbàwọ́n á dúdú, ṣùgbọ́n ẹyẹ àti ewé funfun á dúdú pẹ̀lú, torí láfún tó dáàbò bò wọ́n ti lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tàbí kí wọ́n fi ìyẹ́ kun láfún padà sórí gbogbo ẹyẹ àti ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó rì í. Mo bi wọ́n iye tí ìyẹn máa gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní owó kọ́ ló ṣòro. “Ọwọ́ ìyá rẹ ló kùn ún. Tí mo bá kùn ún, ẹyẹ tèmi ló máa dà.”

Mo ká aṣọ náà, mo gbé e délé. Ibi tí àbàwọ́n wà, tí mo bá ró ìró náà, abẹ́ ló máa ń bọ́ sí.